Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Gbé Rahmon Mì

Ìròyìn tó kọ́kọ́ dé Mile 12 ni pé ọkọ̀ kan ti gbé èèyàn mì ní Ìkòsì. Kì í ṣe pé ó gbá a o. Ó gbé e mì ni, odidi, tòun ti bàtà. Kí ìròyìn náà tó rìn dé ìdí àlùbọ́sà, ó ti sanra: wọ́n ní ẹsẹ̀ ọkùnrin náà nìkan ló ṣẹ́kù síta, pé ọkọ̀ ọ̀hún ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ ìrèké. Nígbà tó fi máa dé Kétu, ọkọ̀ ti ń wá ìyàwó. Wọ́n ní ó máa ń ṣẹ́jú sí àwọn obìnrin tó bá ń kọjá, ojú kan ṣoṣo ló sì ń ṣẹ́, àti pé obìnrin kan tó ṣẹ́jú sí ti ń bì láàárọ̀. Ní Ògùdù, níbi tí àwọn olówó ti ń fi géètì àti ajá lé ìròyìn sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò gbà á gbọ́ rárá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gba ọ̀nà míì lọ síbi iṣẹ́.

Rahmon Àtàndá ni orúkọ ẹni tí wọ́n ní ọkọ̀ gbé mì. Bó bá ṣe pé ọkọ̀ gbé e mì lóòótọ́ ní gbogbo àsìkò tí mò ń sọ yìí, Rahmon ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀. Inú ọkọ̀ ṣókùnkùn, kò sí ẹni tó máa bá a débẹ̀ láti bi í pé, "Ṣé ó ti ń bọ̀?"

Ọmọ Ìgbòho ni Rahmon, pánẹ́ẹ̀lì bítà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti fimú sọ ògiri, òun ni yóò fi òòlù nà án títí yóò fi rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i. Ó ga, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì le débi pé ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ á yẹ ìka ara rẹ̀ wò lẹ́yìn náà bóyá wọ́n pé. Gbogbo ara rẹ̀ ló le, àfi ẹnu. Ẹnu yẹn ló kó o sí ìjàngbọ̀n.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? Bí ẹ bá rí i, ẹ máa dárí ji àwọn tó ń parọ́ mọ́ ọn. Ọkọ̀ asáré ilẹ̀ Japan ni, onílẹ̀kùn méjì, ó pupa bíi tàtàṣé tó pọ́n lápọ̀njù, ó sì kúrú débi pé adìyẹ lè fò ó kọjá láì kọ́kọ́ sáré. Iná iwájú rẹ̀ ò yọ síta bíi ti ọkọ̀ ọmọlúàbí. Abẹ́ ìdérí ló ń sùn sí. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì, ìdérí á gbéra, ojú méjèèjì á yọ sókè bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti dáwọ́ dúró láti ìgbà tí ẹlòmíì ṣì ń bá mi nu imú.

Gbogbo ayé ló rò pé ọmọkùnrin kan tó dirun lórí ló ni ín. Irọ́ ni. Alhaja Modinat ló ni ín, ìyá àgbà tó ń ta tàtàṣé àti rodo lápò-lápò ní Mile 12. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra jíìpù tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Alhaja lọ sí ibi tí wọ́n ń kó tòkunbọ̀ sí, ó rí nǹkan pupa kékeré kan tó dọ̀bálẹ̀ sáàárín àwọn jíìpù, ó ní, "Èyí ni mo fẹ́. Ó jọ ọjà mi." Bó ṣe di pé ìyá oníhìjáàbù ń wa ọkọ̀ asáré wọ ọjà ata láràárọ̀ nìyẹn, tí apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí apẹ̀rẹ̀ náà á de bẹ́líìtì. Wọ́n ní bó bá tẹ iná mọ́lẹ̀ ní Ìkòsì, atẹ́gùn rẹ̀ á ṣí ìdérí ìkòkò ní Kétu.

Lọ́jọ́ kan, tírélà tó kó tòmátì wá láti òkè Ọya ń fà sẹ́yìn nínú ọjà. Awakọ̀ ò rí Alhaja. Ta ló ń wo ilẹ̀ nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn? Ìdí tírélà gbá ọkọ̀ pupa níwájú, lápá òsì. Fẹ́ńdà, ìyẹn páànù tó bo orí táyà iwájú, rún bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà. Ilẹ̀kùn òsì há pátápátá. Ìdérí ojú òsì fò lọ, a ò rí i títí dòní. Tòmátì sì ya lulẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí, àwọn tó sáré wá bẹ̀rẹ̀ sí ké pé, "Ẹ̀jẹ̀! Ẹ̀jẹ̀!" Alhaja ń jágbe látinú ọkọ̀ pé, "Tòmátì ni, ẹ̀yin òpè! Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kejì fún mi!"

Wọ́n ti ọkọ̀ náà dé ọgbà mẹkáníìkì tí Rahmon ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòsì. Gbogbo ọgbà pé lé e lórí: àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àwọn tó ń tún wáyà ṣe, Loveth tó ń ta mọ́ọ̀tì tútù lẹ́nu géètì, àti Baba Ọlábámijí, alága ọgbà, tó máa ń jókòó lórí àga kan náà látàárọ̀ dalẹ́ bí ẹni pé àga ló yan òun sípò.

Alhaja wo Rahmon. "Rahmon, ọmọ mi, ṣé ó máa ṣeé ṣe?"

Ohun tó yẹ kó sọ ò ju pé, "Màá lù ú, mà." Ó ti lu èyí tó bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Rahmon gbójú sókè, ó rí èrò. Èrò sì ni ọtí Rahmon.

Ó gbá àyà. "Alhaja, ẹ wojú mi. N ò ní lù ú! N ò ní lẹ̀ ẹ́! Orijínà ni mo máa fi sí i, orijínà tí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wà lára ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ló wà, màá wọ òkun lọ mú un wá!"

Ọgbà pàtẹ́wọ́. Baba Ọlábámijí pàápàá dìde díẹ̀ lórí àga. Alhaja na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Rahmon, ibikíbi tí wọ́n bá fi í pamọ́ sí, Ọlọ́run á ṣí i payá fún ọ."

"Àmín, Alhaja!"

Àmín yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tó kọ́kọ́ yí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ọgbà wọn fún yín, nítorí òun ló fi ògiri yí Rahmon ká. Ẹni tó bá tú ọkọ̀ ni yóò dè é. O ò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ tó o ti tú fún ẹlòmíì, o ò sì gbọdọ̀ kó irinṣẹ́ rẹ lọ kó o fi í sílẹ̀ bí òkú tí kò lẹ́ni. Ẹni tó bá dán an wò, kò sí pánẹ́ẹ̀lì bítà tó máa yá a ní òòlù mọ́ láti Ìkòsì dé Ìbàdàn. Rahmon ti tú ọkọ̀ Alhaja. Ó ti yọ fẹ́ńdà tó rún, ó ti tú inú ilẹ̀kùn. Orí rẹ̀ ti wọ àjàgà.

Àsìkò yẹn gan-an ni fóònù dún láti Gbàgádà. Ọ̀gá Fáṣínà ni, ọ̀gá tó kọ́ Rahmon níṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Fáṣínà ní ilẹ̀ oníkọnkéré, òrùlé rẹ̀ kì í jò, ó sì ní yàrá tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀. Lọ́dọ̀ Rahmon ní Ìkòsì, bí òjò bá rọ̀, òòlù á léfòó. (Òòlù irin ni o.)

"Rahmon," Ọ̀gá Fáṣínà sọ, "orúnkún mi ti ní kí n máa lọ sílé. Wá gba ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni kó o gbé wá. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá ọkọ̀ ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Bí Iléyá bá bá ọ nídìí ọkọ̀ àwọn èèyàn, Sherifdeen ni màá fún."

Rahmon fẹ́ẹ̀ dákú. Sherifdeen! Àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí kì í fi òòlù kan páànù bí pọ́tì tí wọ́n fi ń rẹ́ ihò ara ọkọ̀ bá ṣì wà nínú agolo. Wọ́n ní ọkọ̀ kan tí Sherifdeen tún ṣe jáde nínú òjò, nígbà tó fi máa dé Ògùdù, ó ti yọ́ di kẹ̀kẹ́.

Nusirat, ìyàwó Rahmon, gbọ́ ọ̀rọ̀ Gbàgádà, ó bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù lójú ẹsẹ̀. Ó di àwo, ó di ṣíbí, ó di àdògán. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹrù wà lójú pálọ̀, wọ́n ń fi ìdérí ìkòkò jẹun.

"Bàbá Nimat," Nusirat á wí, "ṣé páànù ọkọ̀ kan ló máa pa wá sínú ilé yìí?"

"Ó ti wà lọ́nà, Nusi."

"Ọ̀nà wo? Ọ̀nà ọ̀run?"

Kì í ṣe pé Rahmon ò wá a. Nítorí kí wọ́n má bàa gbé ti ọkọ̀ míì fún un, ó yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, ti inú, torí pé orúkọ irú ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń gbé e kiri nínú àpò bíi tírà. Ó gbé e dé Ládípọ̀, lọ́dọ̀ Desmond, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ilẹ̀ Japan. Desmond yí ọwọ́ ilẹ̀kùn náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bọ́ fìlà bí ẹni dé ilé ọ̀fọ̀.

"Ọ̀gá Rahmon, this one don tey die o. Àwọn tó ń ṣe é gan-an ti gbàgbé pé àwọn ṣe é rí."

"Kò lè má sí lágbàáyé, Desmond."

"Fi ọwọ́ ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀. Màá ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn mi."

Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí wọlé sórí fóònù Rahmon láti gbogbo ayé. Ẹnì kan ní Kútọnu fi fẹ́ńdà alùpùpù ránṣẹ́. Ẹnì kan ní Dubai ní òun ní i, ṣùgbọ́n fọ́tò tó fi ránṣẹ́ jẹ́ ti ọkọ̀ Alhaja fúnra rẹ̀, tí Rahmon ti fi ránṣẹ́ sí i tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíì ní kó kọ́kọ́ sọ orúkọ ìyá rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Rahmon sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, Alhaja á gúnlẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Kò bú Rahmon rí. Bó bá bú u ni, Rahmon ì bá rí ibi fẹsẹ̀ tì. Èèyàn lè bá ẹni tó ń buni jà, kí iṣẹ́ tú ká síbẹ̀. Ẹran ni Alhaja ń bù fún un. Àdúrà ló ń gbà fún un.

"Rahmon, jẹun. O ti ń rù nítorí mi. Ṣé ó ti ń bọ̀?"

"Ó ti wà lọ́nà, mà."

"Ẹsẹ̀ ẹ ò ní kọ lójú ọ̀nà."

"Àmín, mà."

Bí fẹ́ńdà yẹn ṣe wà lọ́nà tó, ó ti yí ayé po, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó ti di Alhaji kó tó padà. Ní ti Rahmon, gbogbo àmín tó bá ṣe ń wúwo sí i lọ́rùn. Ó débi pé bí músù bá ké ní ilé kejì, á ní, "Ó ti wà lọ́nà, mà." Iléyá sì ń bọ̀. Àwọn àgbò ti ń dé sí Kétu, wọ́n ń wo èèyàn bí ẹni pé wọ́n mọ ọjọ́ tó kù.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan ni Levi pè é. Owódé Onírin ni Levi ti ń ta àlòkù irin, lẹ́yìn Mile 12 síbẹ̀, níbi tí òkìtì irin ti ga débi pé ẹyẹ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ọ̀gá Rahmon! Sáré máa bọ̀. Mo ti rí i!"

Rahmon ò sáré, ó fò. Levi fà á yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn fíríìjì kan: fẹ́ńdà òsì, aláwọ̀ búlúù, tí gbogbo ìtẹ̀ rẹ̀ bá ti ọkọ̀ Alhaja mu.

"Orijínà," Levi búra. "Gbé e wò. Irin òde òní máa ń wúwo báyìí?"

Rahmon gun ọ̀kadà padà sí Ìkòsì, ó dì mọ́ fẹ́ńdà náà bí ẹni gbé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ó wọ abẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fá ọ̀dà. Búlúù kúrò, funfun yọ. Ó yí i dà, ó fá ìpẹtà ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wá òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ Japan.

Ohun tó rí níbẹ̀ ni ilà pélé. Ilà mẹ́ta kúkúrú, tí wọ́n fi ṣísẹ́ẹ̀lì kọ sára irin, pẹ̀lú ojú ìṣó kan ṣoṣo lábẹ́ wọn.

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fáṣínà. Bí wọ́n bá lu páànù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á kọ ilà fún un lẹ́yìn, níbi tí onímọ́tò ò ní rí láéláé. Pélé ni wọ́n ń kọ, torí pé pélé ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Fáṣínà fúnra rẹ̀: ọmọ ni wọ́n ka iṣẹ́ sí, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jọ baba. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó lù ú á fi àmì tirẹ̀ sí i. Àìmọye ọ̀gágun àti pásítọ̀ ni ọkọ̀ wọn ti kọlà ní Èkó yìí tí wọn ò mọ̀. Ojú ìṣó kan ṣoṣo sì ni àmì Rahmon.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rántí. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, irú ọkọ̀ yìí kan, funfun, wọlé sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá Fáṣínà ju páànù pẹrẹsẹ kan sílẹ̀ fún un, ó ní, "Ṣe é kó jọ ìkejì ẹ̀." Ó ṣe é. Ó tilẹ̀ rí etí kan lára fẹ́ńdà náà tó wọ́ díẹ̀, níbi tí ọ̀gá ti kó o ní ìkó lórí pé ó ń wo ojú títì. Orijínà tó wá dé Dubai, òun ló bí i.

Ẹlòmíì ì bá bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Kò sí orijínà níbì kankan mọ́, ó ti dájú. Òun nìkan ló lè ṣe òmíràn. Òun kan náà ló sì gbá àyà lójú gbogbo ọgbà pé, "N ò ní lù ú!" Báwo lèèyàn ṣe ń pọ́n irú itọ́ bẹ́ẹ̀ lá?

Ibi tó ń rò ó dé nìyí tó fi gbọ́ ohùn lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Alhaja ni. Jímọ̀ ni. Rahmon wo ọ̀tún, ògiri. Ó wo òsì, ògiri. Ó wo ọkọ̀. Ó ti fẹ́ńdà sábẹ́ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó rá wọlé bí aláǹgbá, ó sì rọra pa á dé. Ó dùbúlẹ̀ sórí àga. Gíláàsì ọkọ̀ náà dúdú. Kò sẹ́ni tó lè rí i. Ó ní òun yóò dúró díẹ̀ kí Alhaja fi lọ.

Alhaja ò lọ. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá, ó sì jókòó ti ọkọ̀ gan-an. Baba Ọlábámijí wá jókòó tì í. Loveth gbé mọ́ọ̀tì tútù wá.

"Baba Ọlábámijí, Rahmon dà?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níbí ni, Alhaja. Bóyá ó lọ wá nǹkan yín náà ni."

"Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ẹ̀." Alhaja bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbà á fún ọwọ́ Rahmon, ó gbà á fún ẹsẹ̀ rẹ̀, fún ìyàwó, fún ọmọ, fún òòlù. Nínú ọkọ̀, oòrùn ń sè Rahmon bí ẹ̀wà. Òógùn wọ̀ ọ́ lójú. Àmín wà lọ́fun rẹ̀, kò lè ṣe é.

Nígbà tó ṣe, Alhaja mí kanlẹ̀. "Baba, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Orijínà ti sú mi."

"Hẹ̀ẹ́?"

"Ó ti sú mi! Èmi, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá! Súmbọ̀ onítòmátì ti sọ mí di Alhaja Orijínà. Bí mo bá kọjá báyìí, á ní, 'Alhaja, ṣé ọkọ̀ òkun ti gúnlẹ̀?' Bó bá ṣe páànù òrùlé ni Rahmon rí, kó lù ú mọ́ ọn fún mi, kí n máa wa ọkọ̀ mi lọ."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún un?"

"Ẹ̀yin náà! Ọmọ ọlọ́mọ ti búra lójú èrò. Bí mo bá ní kó lù ú, ṣé kì í ṣe pé mo ní apá ẹ̀ ò ká ohun tó sọ? Ojú ń tì mí. Oúnjẹ ni mò ń gbé wá, mò ń retí kóun fúnra ẹ̀ ní, 'Alhaja, ẹ jẹ́ n lù ú.' Kò sọ ọ́! Ṣe ló ń ní ó ti wà lọ́nà."

Nínú ọkọ̀, Rahmon dìde jókòó, orí rẹ̀ gbá òrùlé. Ẹ wo ẹni méjì tí ìtìjú ti mọ́ inú àtíbàbà kan! Ó ní òun yóò jáde báyìí-báyìí. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

Ihò ló bá pàdé. Ọwọ́ ilẹ̀kùn wà ní Ládípọ̀.

Ó yí sí ilẹ̀kùn òsì. Èyíinì ti há láti ọjọ́ tírélà. Ó wá kọ́kọ́rọ́ kó fi sọ gíláàsì kalẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó lẹ́yìn àga Baba Ọlábámijí. Ó tẹ fèrè. Fèrè ti kú. Ooru fún un lọ́rùn. Ó wá ń fọwọ́ lu gbogbo ohun tó bá rí níwájú, ó sì lu bọ́tìnì iná.

*Wíììì.*

Ojú ọ̀tún ọkọ̀ gbéra, ó wo Loveth, ó sì tún wálẹ̀.

Mọ́ọ̀tì bọ́ lọ́wọ́ Loveth. "Blood of Jesus! Ó ṣẹ́jú sí mi!"

Rahmon tún lù ú. Ojú tún gbéra. Àtẹ́lẹwọ́ méjì lẹ̀ mọ́ gíláàsì dúdú látinú, ohùn kan tó jọ ti ẹni tó wà nínú kànga ní, "Gbà mííí!"

Ọgbà tú. Ẹni tó ń tún wáyà ṣe fo gọ́tà pẹ̀lú bátìrì lọ́wọ́. Baba Ọlábámijí, tí gbogbo wa rò pé ó ti hù mọ́ àga, ló kọ́kọ́ dé ojú títì. Loveth ò dúró títí ó fi dé Mile 12, ẹnu rẹ̀ sì ṣíwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ débẹ̀.

Alhaja nìkan ni kò sá. Ẹni tí tírélà ti gbá, ojú ọkọ̀ wo ló máa bà á lẹ́rù? Ó fi etí hìjáàbù nu gíláàsì, ó yọjú.

"Rahmon?"

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á látìta!"

Alhaja fọwọ́ lé ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kò fà á.

"Ṣé ó ti pẹ́ tó o ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti pẹ́, mà!"

"O gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, mà! Pé kí n lù ú!"

"Ṣé wàá lù ú?"

"Màá lù ú! Alhaja, mò ń kú lọ!"

"O ò ní kú. Sọ ọ́ bó o ṣe sọ tàkọ́kọ́, kó dún."

Rahmon fi gbogbo èémí tó kù nínú rẹ̀ pariwo. "Èmi Rahmon Àtàndá, kò sí orijínà! Ọwọ́ ara mi ni mo máa fi lù ú!"

Alhaja fa ilẹ̀kùn. Rahmon já bọ́ síta, ó sì bọ́ sórí ìdọ̀bálẹ̀ tààrà, láì kọ́kọ́ dìde. Bó ṣe wà níbẹ̀ ló ti fa fẹ́ńdà búlúù náà yọ lábẹ́ ọkọ̀, ó nà án sí Alhaja, ó fi ilà ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án, ó sì ròyìn gbogbo ẹ̀.

Alhaja fi ìka tọ ilà náà. "Ó dáa, mọ́ èyí mọ́ ọn ká máa lọ."

"Rárá, mà. Ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni mo fi lu èyí. Ẹ wo etí ẹ̀, ó wọ́. Ẹ jẹ́ n lu ti àgbà fún yín."

Láti ọjọ́ náà ni Rahmon ti fi tàpólì bo àtíbàbà rẹ̀ yíká. Ó gbé páànù pẹrẹsẹ kalẹ̀, ó gbé fẹ́ńdà búlúù kọ́ kó máa wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lù. Ó lu fẹ́ńdà, ó lu ìdérí ojú òsì, ó tú ilẹ̀kùn òsì tó há sílẹ̀. Kò yọjú sí ẹnikẹ́ni, nítorí Iléyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Bó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń yọ jáde lábẹ́ tàpólì. Nusirat á gbé oúnjẹ wá, á na àwo sábẹ́ ọkọ̀, àwo á padà jáde lófìfo. Àwọn tó ń yọjú látẹnu géètì rí ẹsẹ̀, wọ́n rí àwo. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò?

Nígbà tí fẹ́ńdà gún régé, Rahmon yí i dà, ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì kọ pélé fún un, ó fi ìṣó sàmì sábẹ́ rẹ̀. Ó dè é mọ́ ọkọ̀, ó kùn ún, ó gba ọwọ́ ilẹ̀kùn padà ní Ládípọ̀, ó sì pe Gbàgádà.

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi ti ṣófo."

"Kí lo fi sí i?" Ọ̀gá Fáṣínà bi í.

"Mo lù ú ni, sà."

"Ṣé o kọlà fún un?"

"Mo kọ ọ́, sà."

"Máa bọ̀. Màá sọ fún Sherifdeen pé kó lọ ra pọ́tì míì."

Ọjọ́ tó ṣíwájú Iléyá ni wọ́n gbéra. Alhaja ní òun fúnra òun ló máa gbé Rahmon dé Gbàgádà, ṣùgbọ́n àwọn máa kọ́kọ́ ya ọjà. Àpótí irinṣẹ́ wà nínú búùtù. Rahmon jókòó sí àyè apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé, ó de bẹ́líìtì, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n.

Ọkọ̀ pupa wọ Mile 12 pẹ̀lú ojú méjèèjì lókè. Àwọn alárù dúró pẹ̀lú àpò lórí. Alhaja sọ̀ kalẹ̀, ó yí wá sí apá ọ̀tún, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ó ti pọ̀ ọ́!" Súmbọ̀ onítòmátì ké. "Ẹ wá wò ó! Ọkọ̀ ti pọ Rahmon!"

Èrò ya bò wọ́n bí omi. Loveth wà níwájú pátápátá, ó ń ta mọ́ọ̀tì fún àwọn tó wá wòran.

"Rahmon, báwo ni inú ẹ̀ ṣe rí?"

"Ṣé eyín wà níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé omi fún un! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Rahmon nà dìde. Ó wo èrò náà, ó pọ̀ ju ti Ìkòsì lọ ní ìlọ́po méje. Mo rí i tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, tí ọwọ́ rẹ̀ gbéra láti gbá a. Alhaja wúkọ́. Ọwọ́ náà padà wálẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o," Rahmon wí. "Ọkọ̀ ò gbé mi mì. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọnú ẹ̀, mo ń sá fún Alhaja. Èmi ni mo pa ilẹ̀kùn dé. Èmi náà ni mo ti yọ ohun tí wọ́n fi ń ṣí i. Fẹ́ńdà yìí kì í ṣe orijínà, Súmbọ̀, má wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn, èmi ni mo lù ú. Kò sì fún ẹnikẹ́ni lóyún."

"Ó ṣẹ́jú sí mi!" Loveth ké. "Mo fi Ọlọ́run búra, ó ṣẹ́jú!"

"Ìyẹn jẹ́ òótọ́," Rahmon dáhùn. "Ó ṣẹ́jú. Ẹ má bínú, Aunty Loveth, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."